Ta Ló Bi Ẹlẹ́sẹ̀ Léèrè?

Ìbọ̀sẹ̀ lásán ló dá ìjà sílẹ̀ nílé Agéṣọ láàárọ̀ ọjọ́ náà. Ọkùnrin náà jókòó sétí bẹ́ẹ̀dì, ó na ẹsẹ̀ méjèèjì síwájú bí ẹni tó ń fi wọ́n han àlejò, ó sì ń wo ìbọ̀sẹ̀ dúdú tó wà lórí itan rẹ̀. Ó ti gbìyànjú láti wọ̀ ọ́. Bí òwú yẹn ṣe kan ọmọ ìka ẹsẹ̀ rẹ̀ báyìí, ó ké, ó jù ú sílẹ̀. Ẹsẹ̀ ọ̀hún kò wú o, kò bó, kò légbò. Ó mọ́ roro. Ohun tó sì ń bà á nínú jẹ́ jù nìyẹn, torí ìrora tí kò lẹ́jẹ̀, ta ni yóò gbà á gbọ́? Ìtọ̀ ṣúgà ló ba iṣan ẹsẹ̀ rẹ̀ jẹ́, tí àtẹ́lẹsẹ̀ fi ń jó o bí ẹni tó dúró sórí ẹyin iná, tí aṣọ ìbora pàápàá kò gbọdọ̀ kàn án lóru.

"Wọ ìbọ̀sẹ̀ rẹ, àbúrò," ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin wí láti ẹnu ọ̀nà. Àǹtí Àgbà ni gbogbo ilé ń pè é. Òun ló tọ́ Agéṣọ dàgbà lẹ́yìn ìyá wọn, ọ̀dọ̀ Agéṣọ náà ló sì ń gbé báyìí. "Àbí sílípáàsì lo fẹ́ wọ̀ lọ síbi iṣẹ́? Lónìí tí ojú gbogbo wọn wà lára rẹ?"

"Ẹ̀gbọ́n mi, ó ń ta mí."

"Ta ni nǹkan ò ta? Ọkùnrin ni ẹ́, mọ́kàn."

Iṣẹ́ ọjọ́ náà kì í ṣe iṣẹ́ eré lóòótọ́. Aṣọ funfun àwọn nọ́ọ̀sì ilé ìwòsàn ńlá kan ni wọ́n fẹ́ gé, ọ̀la ni wọ́n sì gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í rán an. Ọ̀gá Obìnrin, tó ni ilé iṣẹ́ ìránṣọ náà, ti sọ ọ́ lójú gbogbo òṣìṣẹ́ pé ó ti sú òun kí agéṣọ òun máa fi tábìlì sílẹ̀ lọ ki ẹsẹ̀ bọ omi tútù. Ó ní bí iṣẹ́ yìí bá bàjẹ́ tàbí tó bá pẹ́, kí Agéṣọ kó àlùmọ́gàjí rẹ̀ máa lọ. Níbo ni yóò wá máa lọ? Ta ló ń gba ẹni tí kò lè dúró síṣẹ́ ìdúró?

Ìyàwó Agéṣọ wọlé, ó mú ife omi lọ́wọ́ kan, ó mú páálí oògùn tuntun lọ́wọ́ kejì. Àná ló gbà á. Ọkọ rẹ̀ kò lè fi iṣẹ́ sílẹ̀, òun ló lọ dúró dè é lórí ìlà nílé ìwòsàn. Nígbà tó kàn án, dókítà kò gbójú sókè.

"Ṣé ó ń lo ti tẹ́lẹ̀ déédéé?"

"Ọwọ́ ara mi ni mo fi ń fún un, sà."

"Ìrora ńkọ́?"

"Ó wà bẹ́ẹ̀, sà. Ẹkún ló ń sun lóru."

Ni dókítà bá ní kó di ìlọ́po méjì, ó sì ti pe ẹni tó kàn kí obìnrin náà tó dìde lórí àga. Ó wu ìyàwó láti bèèrè ohun tí irú oògùn bẹ́ẹ̀ lè ṣe fún ẹni tó ń fi ẹ̀rọ gé aṣọ, àmọ́ ta ni yóò bi? Ẹ̀yìn rẹ̀ ni ìlà gùn sí títí dé ìta.

Bí Àǹtí Àgbà ṣe rí páálí yẹn, àyà rẹ̀ já. Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí ẹnikẹ́ni nílé yẹn kò mọ̀ fún yín. Kápúsù ni oògùn ti tẹ́lẹ̀, irú èyí tí wọ́n kó ìyẹ̀fun sí nínú, tí èèyàn bá fà á, á ya sí méjì. Láràárọ̀, kí ìyàwó tó jí, Àǹtí Àgbà á wọ ilé ìdáná, á tú kápúsù ọjọ́ náà, á da ìdajì ìyẹ̀fun rẹ̀ sínú ihò omi, á pa á dé, á fi í sórí àwọn yòókù nínú ìgò. Lọ́jọ́ kejì, bẹ́ẹ̀ náà. Kò sí ojú tó lè mọ̀ ọ́n.

Ṣé ìkà ló ń ṣe ni? Rárá o. Nígbà tí Agéṣọ kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í lo odidi oògùn náà, ó ń sùn bí ọmọ ọwọ́, ẹsẹ̀ rẹ̀ sì rọlẹ̀, ṣùgbọ́n òòyì ń kọ́ ọ, ó ń bu iyọ̀ sínú tíì, ó sì ń wá bàtà tó wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Lọ́jọ́ kan ó wo Àǹtí Àgbà lójú, ó pè é ní "Màámi." Ìyá wọn tó ti kú! Ẹ̀rù ba àgbàlagbà obìnrin náà débi pé kò lè jẹun. Obìnrin alágbàfọ̀ tó ń lọ aṣọ ní ìta wọn ló wá fi epo sí iná. Ó ní òun mọ ọkùnrin kan tó lo irú ẹ̀, tó di ẹni tí ń bá ògiri rẹ́rìn-ín. Ó ní oògùn òyìnbó ò ṣe é lò lódidi, ìdajì ìdajì ni ọlọ́gbọ́n ń lò ó. Kí ló mọ̀ nípa ẹ̀? Irin ìlọṣọ ló mọ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tí ẹ̀rù ń bà, ọ̀rọ̀ ẹnikẹ́ni ni yóò gbọ́. Àǹtí Àgbà dín in kù. Orí Agéṣọ padà wálé, ó mọ orúkọ gbogbo èèyàn, ó ń gé aṣọ bí ẹni fi ọ̀bẹ gé bọ́tà. Ìrora náà sì padà wálé pẹ̀lú orí.

Hóró líle ni ti tuntun yìí. Ó dì mọ́ inú bébà dídán, kò ṣe é tú.

"Ìyàwó, irú oògùn wo nìyẹn?"

"Tuntun ni, Àǹtí. Dókítà ní kó di ìlọ́po méjì."

"Ìlọ́po méjì kẹ̀? Ṣé ẹ fẹ́ sọ ọmọ ọlọ́mọ di dìndìnrìn ni?"

"Àǹtí, ẹ̀yin kọ́ lẹ ń sùn tì í. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n tọ́jú ọkọ mi."

"Ọkọ rẹ! Kó tó di ọkọ rẹ, ẹ̀yìn ta ló wà?"

"Ẹ̀yìn yín ni, Àǹtí. Ẹ pọ̀n ọ́n, ó dàgbà, ẹ ṣeun. Ẹ sọ ọ́ kalẹ̀ báyìí."

Háà! Ọ̀rọ̀ yẹn wọ Àǹtí Àgbà lára. Ohun tó yẹ kó sọ ti dé ẹnu rẹ̀ tán: pé ìyàwó, ìdajì ló ń lò o, má fún un ní ìlọ́po méjì. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo péré. Ṣùgbọ́n ta ni yóò sọ irú ìyẹn fún obìnrin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ní kí o sọ ọmọ kalẹ̀? Ó pa ẹnu mọ́, ó fa ìró rẹ̀ so dáadáa, ó yíjú sí fèrèsé.

"Ẹ jọ̀ọ́," Agéṣọ wí, "ṣé kò ní dáa jù tó bá jẹ́ pé alẹ́ ni mo..."

"Ẹ gbé e mì!" ìyàwó rẹ̀ wí.

"Wọ ìbọ̀sẹ̀!" ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wí.

Ó gbé e mì. Kò wọ ìbọ̀sẹ̀. Ó ká a sínú àpò ṣòkòtò, ó mu tíì tí kò ní ṣúgà, ó fi búrẹ́dì àti ẹyin rẹ̀ sílẹ̀ lórí tábìlì, ó wọ sílípáàsì, ó sì ń fi ẹ̀gbẹ́ ẹsẹ̀ rìn lọ síbi iṣẹ́. Alágbàfọ̀ kí i ní ìta, ó tún fi ojú tẹ̀ lé e dé ìkóríta. Ìyàwó náà gba ilé ẹ̀kọ́ lọ, níbi tó ti ń gbọ́únjẹ fún àwọn ọmọ ọlọ́mọ. Àǹtí Àgbà nìkan ló kù sílé pẹ̀lú ìgò kápúsù tí kò wúlò mọ́. Ó gbé ìgò náà, ó sọ ọ́ kalẹ̀, ó tún gbé e.

Níbi iṣẹ́, kò sẹ́ni tó ń bá Agéṣọ tẹ́ aṣọ. Kì í gbà. Òun fúnra rẹ̀ ló ń tẹ́ ẹ, ìpele lórí ìpele, sórí tábìlì gígùn abẹ́ fèrèsé, torí aṣọ tí wọ́n ń gé lọ́pọ̀ yanturu ní ìwà tirẹ̀. Ojú rẹ̀ ń dán, ẹ̀yìn rẹ̀ kò dán. Bí o bá tẹ́ ìpele kan tí ojú rẹ̀ wòkè, èyí tó máa gùn ún gbọ́dọ̀ dojú bolẹ̀, kí apá aṣọ tí o bá gé lè jáde ní méjì méjì, ọ̀kan fún ọ̀tún, ọ̀kan fún òsì. Bí o bá gbàgbé yí i padà, ti ọwọ́ kan ṣoṣo ni gbogbo rẹ̀ máa jẹ́. Kí ó má bàa gbàgbé, Agéṣọ máa ń kùn ún lábẹ́ ahọ́n bó ti ń tẹ́ ẹ: "Ojú kan ojú, ẹ̀yìn kan ẹ̀yìn. Ojú kan ojú, ẹ̀yìn kan ẹ̀yìn." Gbogbo ilé iṣẹ́ mọ orin yìí. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó ń rán bọ́tìnnì, tí wọ́n ń pè ní Bọ́tìnnì, máa ń gbè é lẹ́sẹ̀ fún yẹ̀yẹ́.

Lọ́jọ́ náà, ó bẹ̀rẹ̀ dáadáa. Ó tẹ́ ìpele díẹ̀, ó ń kùn. Nígbà tó yá, ó dúró. Ohun kan ń ṣẹlẹ̀ ní ẹsẹ̀ rẹ̀. Iná tó wà níbẹ̀ ń rọlẹ̀, ó ń rọlẹ̀, àfi bí ìgbà tí wọ́n yọ igi lábẹ́ ìkòkò. Ó tẹ ẹsẹ̀ ọ̀tún mọ́lẹ̀, kò ta á. Ó tẹ òsì, kò ta á. Omi bọ́ lójú rẹ̀.

"Bọ́tìnnì," ó wí, "ẹsẹ̀ mi dákẹ́."

"Kó máa dákẹ́ bẹ́ẹ̀ o, ọ̀gá mi! Ẹ jẹ́ ká máa báṣẹ́ lọ, màdáàmù ń wò wá."

Ó ń báṣẹ́ lọ. Ọwọ́ rẹ̀ mọ́ iṣẹ́, ọwọ́ náà kò dúró. Ṣùgbọ́n orin dákẹ́. Bọ́tìnnì ṣàkíyèsí pé orin dákẹ́, ó rò pé inú ọkùnrin náà dùn ni, ẹni tí inú rẹ̀ dùn kì í ṣe ẹni tí wọ́n ń yọ lẹ́nu. Agéṣọ tẹ́ gbogbo aṣọ náà tán. Ó fi ṣọ́ọ̀kì yàwòrán apá sórí rẹ̀. Ó tan ẹ̀rọ ìgéṣọ, ó gé e, ó sì gé e gún régé, torí bí orí bá sùn, ọwọ́ àgbà kì í gbàgbé ìlà. Ìgbà tó dé apá tó kẹ́yìn ni Bọ́tìnnì gbójú sókè, tó rí i pé ọ̀gá òun ti sùn lórí ìdúró, ẹ̀rọ ń ké lọ́wọ́ rẹ̀, ọ̀bẹ rẹ̀ sì ń sún mọ́ ìka. Ó fò dìde, ó fa wáyà yọ lára ògiri.

Ọ̀gá Obìnrin dé. Kò pariwo. Ó mú apá aṣọ kan, ó wo ibi tó ń dán, ó gbé e sí ẹ̀gbẹ́ kan. Ó mú òmíràn. Ó mú òmíràn. Gbogbo ẹ̀rọ ìránṣọ ti dákẹ́.

"Òsì," ó wí. "Òsì. Òsì. Òsì ni gbogbo ẹ̀. Agéṣọ, nọ́ọ̀sì wo ló ní ọwọ́ òsì méjì?"

Ẹnì kan rẹ́rìn-ín lẹ́yìn, ó sì gbé ẹ̀rín náà mì. Agéṣọ fẹ́ dáhùn, ahọ́n rẹ̀ wúwo. "Ojú kan..." ó wí, kò rí ìyókù rẹ̀. Ọ̀gá Obìnrin mú àlùmọ́gàjí tí Agéṣọ ti ń lò láti ìgbà tó ti dé ilé iṣẹ́ náà, ó fi àjákù aṣọ funfun wé e, ó gbé e lé Bọ́tìnnì lọ́wọ́.

"Mú un délé," ó wí. "Òun àti èyí."

Alágbàfọ̀ ló kọ́kọ́ rí wọn ní ìkóríta, Agéṣọ fara ti Bọ́tìnnì, ẹsẹ̀ ń wọ́ lọ wọ́ bọ̀. Ó gbé irin rẹ̀ sílẹ̀. "Yéè! Ó ti mutí! Ọ̀sán gangan!" Ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè. Kí wọ́n tó dé ẹnu ọ̀nà, gbogbo àdúgbò ti gbọ́ pé Agéṣọ mutí yó síbi iṣẹ́. Ìyàwó rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ni, ẹ̀wà ti wà lórí iná. Ó rí ọkọ rẹ̀, ó rí ìdì funfun lọ́wọ́ Bọ́tìnnì, ó gbà á, ó fọwọ́ kàn án, ó mọ ohun tó wà nínú rẹ̀ láìtú u. Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ níbi tó dúró sí.

"Iṣẹ́ ti bọ́," ó wí.

Bọ́tìnnì ní apá òsì nìkan ni ọ̀gá òun gé. Ó ní ọ̀tún ló ń wẹ òsì, ó fẹ́ fi pa wọ́n lẹ́rìn-ín, kò sẹ́ni tó rín, ó sì kí wọn ó dìde lọ. Alágbàfọ̀ ti wọlé pẹ̀lú wọn láìsí ẹni tó pè é. Àǹtí Àgbà dúró sẹ́nu ọ̀nà yàrá rẹ̀, ó di férémù mú.

"Ṣé mo sọ ọ́ àbí mi ò sọ ọ́?" Alágbàfọ̀ wí. "Oògùn tí ìyàwó ń fún un nìyẹn. Mo ti sọ fún Àǹtí."

"Oògùn tí dókítà kọ ni mo fún un!" Ìyàwó fò dìde. "Ṣé èmi ni mo lọ jókòó pò ó ni? Àbí ẹ fẹ́ kí n máa wò ó kó máa ké?"

Ó mú fóònù, ó pe obìnrin apoògùn tó ta oògùn náà fún un, ó tẹ̀ ẹ́ kí gbogbo ilé lè gbọ́. Ó sọ bó ṣe ṣẹlẹ̀. Apoògùn ní kí wọ́n dá a dùbúlẹ̀ fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀, kí wọ́n máa wo èémí rẹ̀, kí wọ́n má ṣe fún un ní èyíkéyìí mọ́ lálẹ́ yìí, kí wọ́n sì gbé e lọ bá dókítà ní kùtùkùtù. Bí èémí rẹ̀ bá fà tàbí tí kò bá dáhùn, kí wọ́n má dúró de àárọ̀. Ó ní òun ní ìbéèrè kan.

"Ohun kan ò yé mi, màámi. Ẹni tó ti ń lo ti tẹ́lẹ̀ pé pérépéré, ti tuntun yìí lè mú un tòògbé, kò yẹ kó dá a wó báyìí. Ṣé ó dá yín lójú pé ó ń lò ó pé?"

"Ìṣojú mi ló ti ń gbé e mì."

"Bóyá ó ń tu ú dànù lẹ́yìn yín. Wọ́n máa ń ṣe bẹ́ẹ̀."

Ìyàwó yíjú sí ọkọ rẹ̀ lórí àga. Gbogbo ẹ̀jẹ̀ ara rẹ̀ ló gùn sójú. "Ẹ̀ ń tu ú dànù? Èmi tí mo ta ẹ̀rọ ìránṣọ mi torí oògùn yìí, tí mo lọ ń fi omijé bẹ dókítà, ẹ̀yin ń tu ú dànù?"

"Mo gbé e mì," Agéṣọ wí. Ọ̀rọ̀ ń wọ́ lẹ́nu rẹ̀.

"Irọ́ ni! Aláìsàn ń tan wá!" Alágbàfọ̀ wí.

"Mo gbé e mì. Lójoojúmọ́." Ó ń sunkún bí ọmọdé tí wọ́n mú nínú ohun tí kò ṣe. Ìyàwó rẹ̀ ń gbọn ọwọ́ sí i lójú, ó ń pè é ní ọ̀dàlẹ̀ ara rẹ̀, ẹ̀wà sì ti ń jóná ní ilé ìdáná, òórùn rẹ̀ gba gbogbo ilé, ẹnikẹ́ni kò dìde.

"Ó gbé e mì," Àǹtí Àgbà wí láti ẹnu ọ̀nà. "Ohun tó gbé mì ni kò pé."

Wọ́n wò ó.

"Èmi ni mo ń da ìdajì rẹ̀ nù. Láràárọ̀. Nínú kápúsù." Ó fi ọwọ́ méjèèjì ṣe bí ẹni tó ń fa nǹkan ya. "Ó pè mí ní Màámi. Ẹ̀rù bà mí."

Apoògùn ṣì wà lórí fóònù. Ohùn rẹ̀ jáde wẹ́rẹ́: "Ìdajì lọ sí ìlọ́po méjì? Ìlọ́po mẹ́rin nìyẹn, lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ẹ má fi ojú kúrò lára rẹ̀ o." Ìyàwó pa fóònù náà. Alágbàfọ̀ rántí pé òun fi irin sílẹ̀ lórí aṣọ ẹni ẹlẹ́ni, ó sáré jáde.

"Àǹtí," ìyàwó wí. Ó tún un wí: "Àǹtí." Òwe kan dé ẹnu rẹ̀ tán: Bí ikú ilé kò bá pani, ti òde kò lè pani. Ó fẹ́ sọ ọ́, ó rí i pé òun náà ló gbé ife omi wá láàárọ̀, ó pa ẹnu dé.

Agéṣọ gbé orí sókè. Ojú rẹ̀ wúwo, ṣùgbọ́n ó tẹjú mọ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n mi. Ògiri kan ló wà láàárín yàrá yín àti tèmi."

"Bẹ́ẹ̀ ni, àbúrò."

"Gbogbo òru tí mo fi ń ké. Ṣé ẹ̀ ń gbọ́ mi?"

Àǹtí Àgbà fi ẹ̀yìn ti férémù.

"Mò ń gbọ́."

"Ẹ máa ń kan ògiri, ẹ á ní kí n mọ́kàn."

"Bẹ́ẹ̀ ni."

Agéṣọ mi orí. Kò bú u. Ìbá ṣe pé ó bú u, ara àgbàlagbà náà ìbá fúyẹ́. "Mo fẹ́ sọ ọ́ fún yín láàárọ̀," ó wí, ó ń wá ọ̀rọ̀ ní ìkọ̀ọ̀kan. "Pé kí ẹ jẹ́ kí n máa lò ó lálẹ́ nìkan. Lójúmọmọ, kó máa ta mí, màá fara dà á, màá gé aṣọ. Lálẹ́, kí n sùn. Bí ẹ bá bi mí ni, màá sọ. Ẹsẹ̀ mi ni, kò sì sẹ́ni tó bi mí. Dókítà ò bi mí. Ẹ̀yin méjèèjì ò bi mí."

Ìyàwó bú sẹ́kún. Àǹtí Àgbà kò sunkún, ó kàn ń wo àwọn ìka ọwọ́ rẹ̀. Agéṣọ na ọwọ́ sínú àpò ṣòkòtò, ó fa ìbọ̀sẹ̀ dúdú tó ká síbẹ̀ láàárọ̀ jáde. Ó tẹ̀ba, ó wọ ọ̀kan. Ó fà á gòkè dé kókósẹ̀. Ó wọ ìkejì, ó fi àtẹ́lẹwọ́ nà án kó má bàa káko lábẹ́ ìka. Kò ké, ojú rẹ̀ kò sì fà.

"Ẹ wá wò ó," ó wí. "Kò ta mí rárá."

Bàtà iṣẹ́ rẹ̀ wà lábẹ́ àga, wọ́n ti nù ún láti àná. Kò sẹ́ni tó gbé e fún un.